ÀGBỌN GBÍGBẸ NÍNÚ ÀKÁ: BÍ A ṢE LÈ PA Á MỌ́ KÍ Ó MÁ GBÓNÁ, KÍ Ó MÁ SÌ BU

Ní gbogbo etí òkun Àgbádárìgì, láti Ajido àti Topo títí dé Seme ní ẹnu ibodè, àgbọn jẹ́ ọ̀kan nínú ọrọ̀ ilẹ̀ náà. Iyanrìn etí òkun kò gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun ọ̀gbìn, ṣùgbọ́n igi àgbọn a máa gbilẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gùn àti àwọn Àwórì tí ń gbé ibẹ̀ mọ ìwúlò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: omi rẹ̀ fún mímu, ara funfun inú rẹ̀ fún jíjẹ àti fún òróró, èèpo rẹ̀ fún iná dídá, imọ̀ rẹ̀ fún ọgbà àti fún òrùlé. Ní ọdún 1876 ni àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà dá oko ńlá kan sílẹ̀ ní Topo, àgbọn sì wà lára ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíká àgbọn nìkan kọ́ ni ó ń mú owó wọ ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa á mọ́ di ọjọ́ tí ọjà yóò dára, tàbí tí ó fẹ́ fún òróró rẹ̀ nígbà tí àyè bá gbà á, ní láti là á, kí ó sì sá a títí yóò fi gbẹ. Àgbọn tí a là tí a sì sá gbẹ báyìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní kópúrà. Ọ̀pọ̀ olóko ni ó ti kó kópúrà funfun báláú sínú àká, tí ó jẹ́ pé nígbà tí ó padà ṣí ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ooru ni ó kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà òórùn, lẹ́yìn náà àgbọn tí ó ti di aláwọ̀ ewé àti dúdú. Kì í ṣe ọwọ́ ọ̀tá ni ó ṣe é. Omi tí ó ṣẹ́ kù nínú àgbọn náà ni ó bà á jẹ́.

OHUN TÍ Ń MÚ ÀGBỌN GBÓNÁ

Nínú àgbọn tútù tí ó ti gbó, omi kó nǹkan bí ìdá 50 nínú 100 ara funfun náà. Kí kópúrà tó lè dúró nínú àká láìbàjẹ́, omi yìí ní láti dín kù títí kò fi ní ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Èyíinì ni pé bí a bá kó ara funfun tútù kìlógíráàmù 100 lé orí pẹpẹ, ohun tí yóò kù nígbà tí ó bá gbẹ tán kò ní ju nǹkan bí kìlógíráàmù 53 lọ. Bí olóko bá wọn tirẹ̀ tí ó sì rí i pé ó ṣì tó 60, kí ó mọ̀ pé iṣẹ́ kò tíì parí, bí ó ti wù kí òde rẹ̀ funfun tó.

Níbi tí omi bá ṣẹ́ kù, níbẹ̀ ni ohun alààyè kéékèèké tí ojú kò lè rí ti ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ń mú kí búrẹ́dì bu, ìbátan olú inú igbó sì ni wọ́n. Bí wọ́n ti ń jẹ òróró inú àgbọn ni wọ́n ń mí, bí wọ́n sì ti ń mí ni wọ́n ń tú ooru àti omi jáde. Omi tí wọ́n tú jáde a tún rin àgbọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn a sì hù sórí ìyẹn pẹ̀lú. Báyìí ni apẹ̀rẹ̀ kan tí kò gbẹ ṣe lè ba odindi àká jẹ́. Bí òkìtì náà bá tóbi, ooru àárín rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde. A máa pọ̀ sí i lójoojúmọ́, títí òróró fúnra rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí gbóná. Nítorí èyí ni òfin àgbáyé lórí ẹrù ọkọ̀ òkun fi ka kópúrà mọ́ àwọn ẹrù tí ó lè gbóná fúnra wọn títí wọn yóò fi gbiná, láìsí ẹni tí ó ṣáná sí wọn. Àwọn àgbà sì ti wí pé a kì í fi iná sí orí òrùlé sùn.

ÌPALÁRA Ọ̀DÁ ÀTI OORU LÓKO

Kì í ṣe inú àká ni ewu yìí ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà gbogbo. Láti ìgbà tí òdòdó àgbọn bá ti là títí èso rẹ̀ yóò fi gbó, ó tó oṣù 11 sí 12. Nínú gbogbo àkókò yìí ni igi náà ń wá omi. Iyanrìn etí òkun kì í sì í di omi mú pẹ́. Bí ọ̀dá bá pẹ́ tí oòrùn sì mú, igi àgbọn a máa wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ rẹ̀ dànù. Àwọn tí ó bá kù a kéré, ara funfun inú wọn a sì fẹ́lẹ́. Ìpalára ọ̀dá ọdún kan lè hàn nínú èso ọdún tí ó tẹ̀ lé e.

Àgbọn tí kò gbó dáadáa kò lè di kópúrà tí ó dára. Omi inú rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, òróró rẹ̀ kò tó nǹkan, bí a bá sì sá a, a máa rọ̀ bí rọ́bà dípò kí ó le. Bí a bá là á pọ̀ mọ́ èyí tí ó gbó, ní ọjọ́ tí èyí tí ó gbó bá gbẹ, òun ṣì tutù. Àjùmọ̀kó wọn sínú àpò kan náà ni ó sì ń fa ìparun.

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti Àgbádárìgì nìkan. Ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn àgbẹ̀ ń gbin irúgbìn kékeré kan tí ń jẹ́ canola, tí kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ aṣọ lọ, nítorí òróró rẹ̀. Nígbà tí ooru bá mú oko canola, èso rẹ̀ kì í gbó ní ọgbọọgba; àwọn kan a gbẹ, àwọn mìíràn a ṣì tutù, aláwọ̀ ewé. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ mọ̀ pé canola tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lè máa mí, kí ó sì máa làágùn nínú àká, fún ọ̀sẹ̀ 6. Nítorí náà wọ́n ń gbẹ ẹ́ títí omi inú rẹ̀ kò fi ní ju ìdá 8 nínú 100 lọ, wọ́n ń jẹ́ kí ó tutù, wọn kì í sì í gbé ojú kúrò lára rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ìrúgbìn yàtọ̀, ilẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ohun tí ó ní òróró nínú kò gbọdọ̀ wọ àká pẹ̀lú omi, àgàgà ní ọdún tí ooru bá ti dà á láàmú lóko.

YÍYÀN ÀTI FÍFI SÍLẸ̀

Kí olóko tó mú àdá láti la àgbọn, kí ó kọ́kọ́ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni àgbọn tí ó gbó, tí èèpo òde rẹ̀ ti di aláwọ̀ ilẹ̀, tí omi inú rẹ̀ sì ń ró nígbà tí a bá mì í. Èkejì ni àwọn kéékèèké àti àwọn tí kò gbó tó, tí ọ̀dá tàbí ìjì wó lulẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àwọn tí ó ti sán, tí wọ́n ti hù, tàbí tí eku ti lu. Ẹ̀kíní ni a ó fi ṣe kópúrà. Èkejì, kí a jẹ ẹ́ tàbí kí a tà á ní tútù. Bí a bá tilẹ̀ fẹ́ gbẹ ẹ́, kí a gbẹ ẹ́ lọ́tọ̀, kí a sì kó o sí àpò lọ́tọ̀. Ẹ̀kẹta kò yẹ fún àká rárá.

Ó dára kí a fi àgbọn tí ó gbó sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, fún nǹkan bí oṣù kan kí a tó là á. Nínú àkókò yìí omi rẹ̀ a dín kù, ara funfun a sì le sí i, yóò sì rọrùn láti yọ kúrò nínú èèpo líle. Àgbọn inú èèpo a máa pẹ́ láìbàjẹ́ ju èyí tí a ti là lọ. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ibi ìgbẹ tí ó dára nígbà òjò, kí ó má ṣe là á. Kí ó fi í sílẹ̀ nínú èèpo rẹ̀, kí ó sì máa yọ àwọn tí ó bá ń hù kúrò láàárín wọn.

LÍLÀ ÀTI GBÍGBẸ

Láti ìgbà tí àdá bá ti la àgbọn ni àwọn ohun alààyè kéékèèké ti rí ilẹ̀kùn. Kò yẹ kí ó ju wákàtí 4 lọ kí ó tó dé inú oòrùn tàbí orí iná. Kí a má ṣe la ju iye tí pẹpẹ lè gbà ní ọjọ́ kan. Òwúrọ̀ ni ó dára jù fún lílà, kí oòrùn ọ̀sán lè bá a.

Bí ó bá jẹ́ oòrùn ni a fẹ́ fi gbẹ ẹ́, kí a tẹ́ ẹ sí orí pẹpẹ tàbí ẹní tí ó mọ́, kí ojú funfun rẹ̀ kọ sí òkè. Kí a má ṣe tẹ́ ẹ sí orí iyanrìn, nítorí iyanrìn a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì tún máa fà ìrì sínú rẹ̀ lóru. Lẹ́yìn ọjọ́ 2, ara funfun a sún kúrò lára èèpo líle. Kí a yọ ọ́ nígbà náà, kí a sì máa sá a lọ. Bí oòrùn bá mú dáadáa, ọjọ́ 5 sí 7 ni yóò gbà. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ìrì tó bẹ̀rẹ̀ sí sẹ̀, kí a kó o jọ, kí a sì bò ó. Afẹ́fẹ́ òkun àti ti ọ̀sà máa ń rin ohun gbígbẹ lóru. Kí ẹnìkan wà nítòsí tí yóò sáré bò ó bí òjò bá ṣú.

Bí ó bá jẹ́ iná ni, èédú tí a fi èèpo líle àgbọn ṣe ni ó dára jù lábẹ́ pẹpẹ, nítorí ó ń jó díẹ̀díẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀. Igi tútù a máa rú èéfín, èéfín a máa sọ kópúrà di dúdú, òróró rẹ̀ a sì máa rùn. Kí ooru orí pẹpẹ má ṣe ju ìwọ̀n 70°C lọ. Ẹni tí ó bá fi ìkánjú dáná ńlá yóò rí kópúrà rẹ̀ bí iṣu tí a fi iná líle sun: òde jóná, inú kò jinná. Òde tí ó le yìí a dí omi mọ́ inú, omi náà a sì dúró de ọjọ́ tí yóò wọ àká. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ Ó TI GBẸ

Kí a mú ègé tí ó nípọn jù láti àárín òkìtì, kì í ṣe èyí tí ó fẹ́lẹ́ ní etí. Bí a bá dá a, kí ó kán pẹ̀lú ariwo. Bí ó bá tẹ̀ kí ó tó kán, tàbí tí ojú ibi tí ó ti kán funfun tí ó sì tutù ní àárín ju etí lọ, kò tíì gbẹ. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kì í tan ènìyàn jẹ: kí a sàmì sí apẹ̀rẹ̀ kan, kí a wọn ohun inú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí a tún sá a ní ọjọ́ kejì, kí a sì tún un wọ̀n. Níwọ̀n ìgbà tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣì ń dín kù, omi ṣì ń jáde. Nígbà tí kò bá dín kù mọ́ láti ọjọ́ kan sí èkejì, ó tó.

Àwọn kan a máa fi omi díẹ̀ sílẹ̀ nínú kópúrà kí ó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ìṣirò. Kópúrà tí ìbá jẹ́ kìlógíráàmù 53 nígbà tí ó gbẹ yóò jẹ́ nǹkan bí 55 àbọ̀ bí omi rẹ̀ bá tó ìdá 10 nínú 100. Èrè rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 3. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n omi yìí gan-an ni èyí tí ó burú jù nínú àwọn ohun tí ń bu ń fẹ́, bí a ó ti rí i nísàlẹ̀.

INÚ ÀKÁ

Kí kópúrà tutù kí ó tó wọ àpò. Èyí tí a kó láti inú oòrùn tàbí láti orí iná lọ sínú àpò tààrà a máa làágùn nínú rẹ̀. Àpò ìdọ̀họ tí afẹ́fẹ́ lè gbà kọjá ni ó yẹ. Kí a ti sá a sí oòrùn kí kòkòrò inú rẹ̀ kú. Kí a má ṣe lo àpò ọ̀rá.

Kí àwọn àpò wà lórí pákó tí ó ga kúrò nílẹ̀, kí wọ́n má fara kan ògiri, kí ọ̀nà sì wà láàárín wọn tí ènìyàn lè gbà kọjá. Kí òrùlé má jò. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́, kí a ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Ní alẹ́ àti nígbà òjò, kí a tì wọ́n. Kí a má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ ti àtijọ́. Èyí tí ó kọ́kọ́ wọlé ni kí ó kọ́kọ́ jáde.

Níwọ̀n bí etí òkun ti jẹ́ ilé apẹja, ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan. Kòkòrò kékeré kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bí aró pẹ̀lú àwọ̀ ewé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pupa. Ó ń jẹ kópúrà, ó sì ń jẹ ẹja gbígbẹ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kó ẹja gbígbẹ àti kópúrà sínú àká kan náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe kòkòrò náà wá síbi àsè méjì. Kí olúkúlùkù wọn ní ilé tirẹ̀.

ÌṢỌ́

Ọ̀sẹ̀ 6 àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Kí a wá ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí a tì í bọ àárín òkìtì lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí a fi í síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì fi ọwọ́ kàn án bí a bá ti fà á yọ. Bí ó bá gbóná ju ọwọ́ lọ, kí a má ṣe dúró di ọ̀la. Kí a kó gbogbo àpò náà síta, kí a tú wọn, kí a yọ èyí tí ó ti bu, kí a sì tún sá ìyókù. Bí èéfín bá ti ń jáde láti inú òkìtì, kí a pe aládùúgbò, kí omi àti iyanrìn sì wà nítòsí kí a tó tú u, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó bá wọlé lè sọ èéfín di iná.

Ìkìlọ̀ kan sì wà tí ó kan ẹ̀mí. Kópúrà tí ń gbóná nínú yàrá tí a tì pinpin, tàbí nínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, a máa jẹ èémí inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tán. Ẹni tí ó bá wọlé lójijì lè dákú, kí ó sì kú. Kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé sílẹ̀ pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, kí ọmọdé má sì ṣe wọ ibẹ̀ rárá.

ÌLERA ARA

Àwọ̀ ohun tí ń hù lára kópúrà a máa sọ bí omi inú rẹ̀ ti pọ̀ tó. Funfun bí òwú máa ń hù níbi tí ó tutù gan-an. Dúdú, níbi tí omi ti ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n láàárín ìdá 8 àti ìdá 12, èyí tí ó ní àwọ̀ ìyeyè tí ó pò mọ́ àwọ̀ ewé ni ó máa ń hù. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un ni Aspergillus flavus, ó sì ń tú májèlé kan jáde tí ń jẹ́ aflatoxin.

Ní ọdún 1960 ni ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nípa májèlé yìí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ẹ̀pà tí ó ti bu ni ó wà nínú oúnjẹ wọn. Ní ọdún 2004, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àgbàdo tí a kó pamọ́ ní tútù pa ènìyàn 125 nínú 317 tí ó ṣàìsàn. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń kọlù. Ẹni tí ó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ lè ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀, àgàgà bí àrùn ẹ̀dọ̀ mìíràn bá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná ìkòkò kò lè pa á tán. Sísè àti dídín kò sọ ohun tí ó ti bu di oúnjẹ.

Nítorí náà, kí a má ṣe fún òróró láti inú kópúrà tí ó ti bu, bí ó ti wù kí ó dunni tó. Kí a má sì ṣe kó èérún rẹ̀ fún adìẹ tàbí pẹ́pẹ́yẹ, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Kí a wa ihò, kí a sì rì í mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣa á, kí ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu rẹ̀.

IṢẸ́ OṢÙ KỌ̀Ọ̀KAN

Láti Bélú títí dé Èrèlé ni oòrùn dára jù. Ní Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ a máa ran olóko lọ́wọ́. Kí a là, kí a sì gbẹ nígbà náà. Ní Ẹrẹ́nà, kí a tún òrùlé àká ṣe kí òjò tó dé. Láti Igbe títí dé Agẹmọ, kí a fi àgbọn sílẹ̀ nínú èèpo, àfi ẹni tí ó ní pẹpẹ oníná. Òjò a máa dá díẹ̀ ní Ògún, ṣùgbọ́n ìkùukùu pọ̀. Kí a má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé oòrùn rẹ̀. Ní Ọ̀wẹ́wẹ̀ àti Ọ̀wàrà, òjò tún padà; kí a máa ṣọ́ ohun tí ó wà nínú àká.

Ẹni tí ó bá yan èyí tí ó gbó, tí ó gbẹ ẹ́ dé inú, tí ó sì ń bẹ̀ ẹ́ wò, yóò rí kópúrà funfun ní ọjọ́ tí ó bá ṣí ilẹ̀kùn. Òróró ilé rẹ̀ yóò mọ́, àwọn tí ń jẹ nínú ìkòkò rẹ̀ yóò sì wà ní àlàáfíà.